Erékùṣù Kò Ní Ẹ̀yìnkùlé: Ìtàn Pàǹtí, Májèlé àti Àwọn Tó Kọ̀ Ọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ pàǹtí mu gan-an. Lórí ilẹ̀ ńlá, ẹni tó da pàǹtí nù lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí: ọkọ̀ ti gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ojú kò sì rí i mọ́. Erékùṣù kò ní ẹ̀yìn ìlú. Ibi yòówù tí èèyàn bá kọjú sí, omi ni yóò bá níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn kan ṣe dé ibi tí wọ́n ti sọ pé ìlú àwọn kò ní ní ààtàn mọ́, ìtàn àwọn erékùṣù ló yẹ kí a kọ́kọ́ kà. Méjì ni mo mú wá lónìí: ọ̀kan ní Japan, ọ̀kan ní ilẹ̀ Gíríìsì.

Teshima ni orúkọ àkọ́kọ́. Erékùṣù kékeré ni, nínú òkun tó wà láàárín àwọn erékùṣù ńlá Japan, ní ìpínlẹ̀ Kagawa. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ túmọ̀ sí erékùṣù ọ̀pọ̀, nítorí pé omi tútù wà níbẹ̀, ìrẹsì ń so, ẹja sì wà lódò. Ní 1975, ilé iṣẹ́ kan tọ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ, ó ń tọrọ àṣẹ láti máa kó pàǹtí olóró wá sí etíkun ibẹ̀. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà rí i pé ilẹ̀kùn iwájú ti tì, ó gba ẹ̀yìn wọlé. Ó ní ekòló ni òun fẹ́ máa sìn, àti pé pàǹtí tí kò ní májèlé nínú, irú bí èérún igi àti ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn, ni òun yóò máa fi bọ́ wọn. Ní 1978, ìjọba fọwọ́ sí i.

Kò pẹ́ tí ekòló fi di àwáwí. Ohun tí ọkọ̀ ojú omi ń já sílẹ̀ ni ẹ̀fọ́kù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, òróró ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, àti ẹrẹ̀ olóró láti ilé iṣẹ́ ńláńlá. Wọ́n ń dáná sun ún ní gbangba, èéfín rẹ̀ sì ń bo abúlé. Àwọn ará ìlú ké gbàjarè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n wo ilẹ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì padà lọ. Ilé iṣẹ́ náà ti sọ fún wọn pé irin wà nínú ẹ̀fọ́kù náà tí òun lè yọ tà, nítorí náà ọjà ni, kì í ṣe pàǹtí. Ìjọba sì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a yí padà nínú ìwé ni ó bo òkìtì májèlé mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1990, àwọn ọlọ́pàá ya bo ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọlọ́pàá Kagawa. Ọlọ́pàá Hyogo, ìpínlẹ̀ mìíràn, ni. Iṣẹ́ dúró, ilé ẹjọ́ sì dá onílé iṣẹ́ náà lẹ́bi. Síbẹ̀, òkìtì náà kò kúrò. Oró inú rẹ̀ ń jò wọ inú ilẹ̀, ó sì ń ṣàn lọ sínú òkun.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti di ti àwọn arúgbó. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣí lọ sí ìlú ńlá, àwọn àgbà ló pọ̀ jù nílé. Ní 1993, 549 nínú wọn kọ orúkọ sílẹ̀ láti pe ìjọba àti àwọn tó kó pàǹtí wá sí ìlàjà. Agbẹjọ́rò Nakabo Kohei, tó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Japan rí, ló dúró fún wọn. Wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n ń dúró síwájú ilé ìjọba lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan. Wọ́n tún ń ti ìlú dé ìlú káàkiri Kagawa, wọ́n ń ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn tí kò dé Teshima rí.  Wọ́n ní kí wọ́n kó májèlé náà kúrò, kí ìjọba sì gbà pé òun jẹ̀bi.

Ní ọjọ́ 6, oṣù Òkúdù, 2000, gómìnà Kagawa wá sí erékùṣù náà, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà ti di olóògbé, ojú wọn kò rí ọjọ́ náà.

Níbo wá ni wọ́n máa kó òkìtì náà lọ? Naoshima, erékùṣù aládùúgbò, gbà pé kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ òun, níbi tí ilé iṣẹ́ ìyọ́ bàbà ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Láti 2003 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o. Wọ́n ń fi iná ńlá yọ́ ọ, wọ́n ń gba irin àti bàbà inú rẹ̀, wọ́n sì ń lo ìyókù bí òkúta wẹ́wẹ́ fún kọnkéré. Nígbà tó fi máa parí ní 2017, ohun tí wọ́n kó ti tó nǹkan bí 910,000 tọ́ọ̀nù. Ohun tí wọ́n fi ọdún méjìlá dà sílẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi kó o, wọ́n sì tún ń fọ omi inú ilẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìtìjú Teshima wà lára ohun tó mú kí Japan ṣe òfin àtúnlò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní 2002, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Láti ìgbà náà, ẹni tó ra ọkọ̀ ló ń san owó bí wọ́n ṣe máa tú u palẹ̀ lọ́jọ́ ikú rẹ̀.

Teshima kọ́ wa ní ohun tí kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀. Tilos ń kọ́ wa ní ohun tó ṣeé ṣe. Erékùṣù Gíríìsì ni Tilos, láàárín Rhodes àti Kos, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pọ̀. Bíi ti ọ̀pọ̀ erékùṣù Gíríìsì, orí òkè ni wọ́n ń da pàǹtí wọn sí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní ìparí 2021, ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé iṣẹ́ Polygreen bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun. Wọ́n kó àwọn agolo pàǹtí ńlá kúrò lójú títì. Ilé kọ̀ọ̀kan ń ya pàǹtí sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹ̀tù oúnjẹ, ohun tó ṣeé tún lò, àti èyí tí kò ṣeé tún lò. Òṣìṣẹ́ ń wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà, àpò kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tó ń fi ilé tó ti wá hàn. Ẹ̀tù oúnjẹ ń di ajílẹ̀. Wọ́n ti ti ààtàn orí òkè náà pa, ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo pàǹtí ibẹ̀ lọ ló sì ń di ohun àtúnlò.

Kí a má fi bò, Tilos kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ ńlá. Ike, gíláàsì àti irin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibi tí wọ́n ti máa sọ wọ́n di tuntun. Iṣẹ́ náà sì rọrùn fún ènìyàn díẹ̀ ju fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó ń jáde ní Tilos ní orúkọ àti ibi tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó lè pè é ní oúnjẹ ekòló.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa? Rárá o. Ní 1988, wọ́n bá ohun tó lé ní 3,000 tọ́ọ̀nù pàǹtí olóró láti Ítálì ní Koko, ìlú etí odò ní gúúsù Nàìjíríà. Àgbàlá ẹnì kan ni wọ́n kó àwọn àgbá náà sí, wọ́n sì fi ìwé irọ́ gbé wọn wọlé. Ìjọba Nàìjíríà mú kí Ítálì kó o padà. Ọkọ̀ Karin B, tó gbé apá kan rẹ̀, káàkiri etíkun Yúróòpù, èbúté lẹ́yìn èbúté ń lé e. Àwọn tí kò ka májèlé náà sí nígbà tó wà lágbàlá ẹlòmíràn kò fẹ́ rí i ní tiwọn.

Èkó pẹ̀lú, erékùṣù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Pàǹtí Ìsàlẹ̀ Èkó ń kọjá afárá lọ sórí ilẹ̀, ààtàn ńlá Olúṣòṣùn ní Òjọ́ta, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, sì ti wà láàárín ilé àti ọjà báyìí. Nígbà tí iná sọ níbẹ̀ ní 2018, ẹ̀yìn ìlú ti di àárín ìlú. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kò nílò òfin kí wọ́n tó fi ewé eéran pọ́n ẹ̀kọ tàbí kí wọ́n tó kó èèpo iṣu fún ewúrẹ́. Ààtàn ilé wọn ń di ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ẹ̀fọ́ ń hù lé lórí, nítorí pé ohun tí ilẹ̀ lè jẹ nìkan ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Ohun tó yí padà ni ohun tí a ń dà. Ìwà ìdànù wa kò yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn arúgbó Teshima kò ní ibòmíràn tí wọ́n máa sá lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n dúró jà. Bí a bá wò ó dáadáa, àwa náà kò ní. Nígbà mìíràn tí ọkọ̀ pàǹtí bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ bi ara yín léèrè: àgbàlá ta ni ó ń lọ?