Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tó bá rò pé wọ̀bìà nìkan ni òwe yìí ń bá wí kò tíì gbọ́ ọ tán. Òwe náà kò ka ọtí léèwọ̀. Ọtí wà lára ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, a sì ń gbé e lọ tọrọ ìyàwó. Ìyára ọ̀fun ló ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Ohun tí ọ̀fun gbé mì ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀dọ̀ lè fi odindi òru bá a jà. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ọtí wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rọra mu ún; wọ́n ń fi í figa gbága ni.

Ẹ̀dọ̀ ènìyàn kì í sábà lè palẹ̀ ọtí tó ju ti nǹkan bí agolo bíà kan mọ́ ní wákàtí kan. Kọfí kò lè lé e sáré, omi tútù kò lè lé e sáré. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da agolo mẹ́wàá sọ́fun láàrin wákàtí kan, èyí tí apá ẹ̀dọ̀ kò ká yóò máa yí nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì gun ọpọlọ. Ọpọlọ yìí kan náà ló ń darí èémí, òun ló sì ń dènà èébì kó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bó ti gbé ife sílẹ̀ pàápàá, èyí tó kù níkùn ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó sùn lọ fọnfọn fi lè kú sójú oorun, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ kó sùn, ojú rẹ̀ á dá.”

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2017, Timothy Piazza, ọmọ ọdún 19, fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà gbé ọtí fún un láàrin ìṣẹ́jú 82. Ó ré bọ́ lórí àtẹ̀gùn, orí rẹ̀ fara gbọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn rẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 12 kọjá kí wọ́n tó pe àwọn oníṣègùn. Ó kú lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà. Ẹnìkan lè ní ìṣubú ló pa á, kì í ṣe ọtí. Àmọ́ ọtí ló gba agbára lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọtí náà ló sì bo ọgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀: ẹni tó ń kú lọ wà níwájú wọn, ọ̀mùtí ni wọ́n rí.

Àwọn kan a tún máa sọ pé àwọn baba wa mu ẹmu títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò kú. Ọtí inú ẹmu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kò pọ̀. Ikùn á ti yó kí ojú tó pọ́n. Ọtí inú ọ̀rá tó gbòde ní Nàìjíríà yàtọ̀. Mílílítà 30 péré ni, ṣùgbọ́n ó lè le tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń dà á sẹ́nu, àpò ṣòkòtò sì gbà á wọ kíláàsì. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dè é ní oṣù Èrèlé ọdún 2024; àwọn tó ń ṣe é pariwo pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ìjọba sì sún òfin náà síwájú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ọtí inú ìgò ńlá pẹ̀lú ń fẹ́ òṣìṣẹ́, kò sì ṣeé fi pamọ́ sápò.

Àgbàlagbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, owó wọn ni wọ́n fi ń mu ún: òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ kò lè dá ìpinnu kankan ṣe, ọwọ́ ẹni tó wà nítòsí ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ẹni tó wà nítòsí náà sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun nílé ẹ̀kọ́. Òfin tí ìpínlẹ̀ Pennsylvania fi orúkọ Piazza pè ní ọdún 2018 dáàbò bo ẹni tó bá ké gbàjarè. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ fún àwọn yunifásítì tiwa. Ẹni tí a pè tí kò dáhùn, tí ara rẹ̀ tutù, tí èémí rẹ̀ ń já, kì í ṣe ẹni tí a ń fi aṣọ bò, kí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹnìkan jókòó tì í, kí ẹlòmíràn sáré wá dókítà, kí àwọn alákòóso sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó pè wọ́n kò ní jìyà.