Samuel Okwaraji: Òwe Tí Ikú Pa ní Sùúrùlérè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń kọ́ ọmọ ní Lomé lónìí ni a kò tíì bí, àwọn yòókù sì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Síbẹ̀, àwa náà ni òwe ọ̀hún ń bá wí.

Ọdún 1964 ni wọ́n bí Okwaraji ní Orlu, ní ilẹ̀ Ìgbò. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni ó mọ̀: ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Róòmù, ó sì di amòfin. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Klagenfurt ní ilẹ̀ Austria, ní Zagreb, àti ní Ulm ní Jámánì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988 ni ó kọ́kọ́ wọ aṣọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Mòrókò, eré kò tíì gbóná tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn náà ni ó bá wọn dé ìdíje Òlíḿpíìkì ní Seoul. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ ibi yẹn, Nàìjíríà ń bá Àǹgólà du ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1990. Stephen Keshi, balógun ẹgbẹ́, ti jẹ góòlù kan. Ní ìṣẹ́jú 77, Okwaraji ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ti yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nàìjíríà borí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù ni ó padà lọ sí Ítálì.

Keshi yìí kan náà ni olùkọ́ni tó la ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2006 fún Tógò wa. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ikú ti tún òwe rẹ̀ pa: ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003, ní Lyon, Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù ṣubú bákan náà, ní ẹni ọdún 28. Àìsàn ọkàn ni.

Kí a tó mú ọmọ sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́, a máa ń wò ó bóyá ó lè sáré. Ẹ jẹ́ kí dókítà náà gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Bí ọmọ bá sì ní òyì ń kọ́ òun, tàbí pé àyà ń dun òun nígbà eré, kí a má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ikú ti pa òwe náà lẹ́ẹ̀mejì lójú gbogbo ayé. Ọwọ́ àwa tí a ń rán ọmọ sí pápá ni ìtumọ̀ rẹ̀ kù sí.