Ìtàn Sáfà Àfọwọ́ṣe fún Àwọn Fáìlì Ńláńlá: Ìtọ́jú àti Ìmúgbòòrò, 1956 sí 2025

1.0 Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn to sáfà fún títọ́jú àwọn fáìlì ńláńlá, àti ohun tí ojú wọn ń rí lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán. Sáfà fáìlì ni kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́jú fáìlì sínú díìsìkì, kí ó sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó bá béèrè wọn. Èyí tí a pè ní àfọwọ́ṣe ni èyí tí ẹni tí ó ń lò ó kò rà ní odindi lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n tí ó ra díìsìkì, àpótí, wáyà àti àwọn ẹ̀yà yòókù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó sì tò wọ́n pọ̀.

Nínú ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nípa ìtàn yìí, ọjọ́ tí a ṣe ẹ̀rọ ni ó máa ń gba ìyìn. A ó gbọ́ nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é, iye tí ó ná an, àti bí ó ti tóbi tó. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Èrò náà ni pé ìtàn sáfà àfọwọ́ṣe jẹ́ ìtàn ìtọ́jú ju bí ó ti jẹ́ ìtàn ìṣẹ̀dá lọ, àti pé ẹni tí ó bá ti gbèrò bí yóò ṣe pààrọ̀ díìsìkì kí ó tó ra àkọ́kọ́ ni fáìlì rẹ̀ máa ń pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òpìtàn gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú ẹ̀rí tí a ó fi kọ ìtàn àwọn ọdún 1990 títí di òní kò sí lórí ìwé rárá; inú díìsìkì ni ó wà. Bí díìsìkì bá ṣègbé, ẹ̀rí ṣègbé.

2.0 Kí ó tó di ọdún 1988

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà kéde ẹ̀rọ RAMAC, èyí tí ó mú ìpamọ́ inú díìsìkì wọ ọjà. Àádọ́ta díìsìkì ni ó wà nínú ẹ̀yà ìpamọ́ rẹ̀, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 24 ínǹṣì. Síbẹ̀, gbogbo wọn lápapọ̀ kò gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù 5 lẹ́tà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà náà sì wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan. Háyà ni àwọn oníbàárà máa ń háyà RAMAC, ní 3,200 dọ́là lóṣù.

Ọ̀rọ̀ háyà yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ń tún un ṣe. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni yóò gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Owó háyà nìkan ni oníbàárà ń ru. Ẹrù ìtọ́jú kò sí lórí rẹ̀.

Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí, díìsìkì ńlá jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó gbòde ní àwọn ọdún 1980. Díìsìkì kéékèèké tí a ń ṣe fún un wá pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀.

3.0 Pépà ọdún 1988 àti ìṣòro tí ó gbé jáde

Ní ọdún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, tí wọ́n wà ní Yunifásítì California ní Berkeley, gbé pépà kan jáde lórí àkójọpọ̀ díìsìkì olówó pọ́ọ́kú. RAID ni orúkọ tí wọ́n fún ètò náà. Gibson ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìpele gíga nígbà náà.

Wọ́n gbé díìsìkì ńlá IBM 3380, tí ó gba 7,500 mẹ́gábáìtì, kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ díìsìkì kékeré Conner CP3100 tí ó gba 100 mẹ́gábáìtì. Díìsìkì kékeré 75 ni ó bá ńlá kan ṣe déédéé ní ìwọ̀n ohun tí ó lè gbà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí àwọn kéékèèké bá pọ̀, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè yá ju ńlá lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí pépà náà ti ṣe pàtàkì jù nìyí. Àwọn òǹkọ̀wé náà fi ìṣirò hàn pé àǹfààní yìí ní ewu nínú. A ka díìsìkì kékeré kan sí ohun tí yóò ṣiṣẹ́ fún 30,000 wákàtí ní ìpíndọ́gba kí ó tó bàjẹ́. Bí a bá to 100 irú rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò bàjẹ́ láàárín 300 wákàtí ní ìpíndọ́gba, èyí tí kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ohun tí ìṣirò yìí ń sọ gan-an nìyẹn.

Ìdáhùn wọn ni pé kí a fi díìsìkì kún díìsìkì. A lè pe àfikún yìí ní díìsìkì onídùúró. Ká ní díìsìkì mẹ́ta tọ́jú nọ́ńbà 7, 4 àti 9. Onídùúró yóò tọ́jú àpapọ̀ wọn, èyí tí í ṣe 20. Bí èyí tí ó ní 4 bá bàjẹ́, a ó yọ 7 àti 9 kúrò nínú 20, 4 yóò sì tún jáde. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun tí ìlànà yìí ń béèrè. Onídùúró kan kò lè dúró fún ju díìsìkì kan lọ. Láti ìgbà tí ọ̀kan bá ti bàjẹ́ títí di ìgbà tí a bá fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tí a sì tún ohun tí ó sọnù kọ sínú rẹ̀ tán, gbogbo fáìlì wà nínú ewu. Nítorí náà, RAID kò mú ìtọ́jú kúrò. Ńṣe ni ó sọ ìtọ́jú di ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní díìsìkì tí yóò fi rọ́pò kò ì tíì lo RAID bí ó ti yẹ.

4.0 Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àwọn olùpamọ́, 1991 sí 2004

Díìsìkì nìkan kì í ṣe sáfà. Ó gbọ́dọ̀ ní ètò tí yóò máa darí rẹ̀. Níbí pẹ̀lú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣí ọ̀nà. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, gbé Linux jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, Andrew Tridgell, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Canberra ní Ọsirélíà, gbé ètò kan síta tí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ Unix lè máa fi fáìlì fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Samba ni a wá ń pè é lẹ́yìn náà. Nígbà tí Linux àti Samba pàdé, kọ̀ǹpútà àlòkù lásán lè di sáfà fáìlì fún odindi ọ́fíìsì.

Ní Yunifásítì Stanford ní ọdún 1996, Larry Page àti Sergey Brin to díìsìkì mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 4 gígábáìtì, sínú àpótí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù ìṣeré ọmọdé mọ. Láti inú iṣẹ́ wọn ni Google ti jáde. Àpótí náà di ohun àfihàn ní Stanford. Èyí gan-an ni àpẹẹrẹ ohun tí ìfáárà sọ: àpótí ni a ń fi han àlejò, a kì í fi iṣẹ́ ẹni tí ó ń pààrọ̀ díìsìkì hàn.

Ní ọdún 1996 kan náà ni Brewster Kahle dá Internet Archive sílẹ̀ ní San Francisco, láti máa tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó di ọdún 2004, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tí wọ́n gbèrò fúnra wọn, tí wọ́n pè ní PetaBox. Lára àwọn ohun tí wọ́n là sílẹ̀ ṣáájú ni pé kò gbọdọ̀ jẹ iná púpọ̀, pé kò gbọdọ̀ nílò ẹ̀rọ amúlétutù, àti pé alábòójútó kan ṣoṣo gbọdọ̀ lè tọ́jú pẹ́tábáìtì kan, èyí tí í ṣe mílíọ̀nù kan gígábáìtì. Ìwọ̀n kẹta yìí ni ó yẹ kí ó gba àfiyèsí òpìtàn. Àwọn tí ó ṣe PetaBox fi agbára ọwọ́ ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n mọ̀ pé owó díìsìkì ń wálẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n pé owó oṣù ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ kì í wálẹ̀.

5.0 Ìbàjẹ́ tí ó hàn àti èyí tí ó fara sin

Títí di ìgbà yìí, ìbàjẹ́ tí à ń sọ ni èyí tí díìsìkì fi kọ iṣẹ́ pátápátá. Èyí tí ó burú jù ú lọ ni kí díìsìkì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó máa dá ohun tí kò tọ̀nà padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú fáìlì kékeré, ó lè pẹ́ kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Bí fáìlì bá ti ń tóbi tí ó sì ń pọ̀, àǹfààní tí àṣìṣe ní láti wọlé ń pọ̀ sí i.

Ní ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems, Jeff Bonwick, Matthew Ahrens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò ìpamọ́ kan ní ọdún 2001. ZFS ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2005 ni wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ènìyàn. ZFS máa ń ṣe nọ́ńbà ìdánwò fún gbogbo ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀, yóò sì fi nọ́ńbà náà sí ibòmíràn. Nígbàkigbà tí a bá ń ka fáìlì, yóò tún ìṣirò náà ṣe. Bí méjèèjì kò bá bára mu, yóò wá ohun tí ó tọ́ láti inú ẹ̀dà mìíràn tàbí láti ọwọ́ onídùúró, yóò sì tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. A tún lè pàṣẹ fún un pé kí ó yẹ gbogbo díìsìkì wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí ó ń to sáfà sílé mú èyí di àṣà, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ tí ń yẹ aká wò kí kòkòrò tó jẹ iṣu tán.

Ní ọdún 2007, iṣẹ́ ìwádìí méjì jáde ní ìpàdé kan náà. Bianca Schroeder àti Garth Gibson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ pépà 1988, ṣe àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ nǹkan bí 100,000 díìsìkì. Ìwé tí àwọn tí ó ṣe díìsìkì kọ fi hàn pé èyí tí yóò bàjẹ́ lọ́dún kò yẹ kí ó ju 0.88 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí wọ́n bá pàdé ni pé 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni a sábà ń pààrọ̀ lọ́dún, ó sì tó 13 níbòmíràn. Eduardo Pinheiro, Wolf-Dietrich Weber àti Luiz André Barroso ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lórí àwọn díìsìkì Google tí ó ju 100,000 lọ. Wọn kò rí i pé ooru jẹ́ okùnfà ìbàjẹ́ tó bí àwọn ènìyàn ti ń rò. Ìwádìí méjèèjì fi hàn pé àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ń lo díìsìkì ni ó ṣeé gbára lé, kì í ṣe ìlérí ẹni tí ó tà á.

6.0 Ìmúgbòòrò, 2009 sí 2025

Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Backblaze ní California tẹ àwòrán àti iye owó àpótí ìpamọ́ wọn jáde kí ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀. Díìsìkì 45 ni ó wà nínú rẹ̀, ó gba 67 tẹ́rábáìtì, 7,867 dọ́là ni ó sì ná wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, àkúnya omi bo ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe díìsìkì ní orílẹ̀-èdè Táílàndì. Owó díìsìkì fò sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ Backblaze pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn ń ti ilé ìtajà kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń ra díìsìkì àgbélẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń tú u kúrò nínú èèpo rẹ̀ kí wọ́n lè lò ó. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn pé àfọwọ́ṣe kò túmọ̀ sí àdáṣe. Ẹni tí ó fẹ́ mú sáfà rẹ̀ gbòòrò ṣì gbára lé ọjà tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni àkókò. Díìsìkì kékeré ti ọdún 1988 gba 100 mẹ́gábáìtì, ó sì lè ka mẹ́gábáìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A lè kà á tán láàárín 100 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí kò tó ìṣẹ́jú méjì. Díìsìkì òde òní tí ó gba 20 tẹ́rábáìtì, bí ó bá ń ka 200 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìdúró, yóò gba 100,000 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí ó ju wákàtí 27 lọ. Ohun tí díìsìkì ń gbà ti yára pọ̀ ju bí ó ti ń yá lọ. Ìgbà tí onídùúró fi ń dá nìkan dúró ti gùn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi fi onídùúró kejì kún un, tí Backblaze náà sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín fáìlì sáàárín 20 àpótí ní ọdún 2015, tí 3 nínú 20 sì jẹ́ onídùúró.

Ìṣòro kẹta kan ẹni tí ó to sáfà sílé jù lọ. Fún ọdún pípẹ́, ẹni tí ó bá fi ZFS to díìsìkì pẹ̀lú onídùúró kò lè fi díìsìkì kan ṣoṣo kún ẹgbẹ́ náà. Ó lè to ẹgbẹ́ mìíràn, tàbí kí ó máa yọ díìsìkì kékeré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ńlá rọ́pò rẹ̀, kí ó dúró kí a tún un kọ tán, kí ó tó kan èkejì. Ààyè tuntun kò ní í hàn àfi bí ó bá pààrọ̀ èyí tí ó kẹ́yìn. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni OpenZFS 2.3 jáde pẹ̀lú àǹfààní àtifi ẹyọ kan kún ẹgbẹ́, nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tí ZFS kọ́kọ́ jáde. Ogún ọdún yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ìmúgbòòrò le ju ìṣẹ̀dá lọ.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé láti ìgbà tí ẹrù ìtọ́jú ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ẹ̀rọ háyà, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó tò ó fúnra rẹ̀, pípààrọ̀ díìsìkì, yíyẹ̀ ẹ́ wò àti mímú un gbòòrò ni ó di iṣẹ́ gan-an. Ó kù ohun kan tí onídùúró kò lè ṣe: kò lè gba fáìlì lọ́wọ́ iná, lọ́wọ́ olè, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Internet Archive mọ èyí, ìdí sì nìyí tí ẹ̀dà àwọn ohun tí ó kó jọ fi wọ ilé-ìkàwé ńlá ti Alexandria ní Íjíbítì ní ọdún 2002.

Fún òpìtàn, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò mọ sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí a bá gba fáìlì kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, a máa ń béèrè ẹni tí ó kọ ọ́ àti ìgbà tí ó kọ ọ́. Ó tọ́ kí a máa béèrè pẹ̀lú pé ta ni ó tọ́jú rẹ̀, díìsìkì mélòó ni ó ti gbà kọjá, ta ni ó sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó ń ṣí láti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Àkọsílẹ̀ alábòójútó, tí ọ̀pọ̀ ń sọ nù bí ìwé ìdáná, jẹ́ ìwé ìtàn pẹ̀lú, ó sì yẹ kí a máa tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ fáìlì tí ó sọ ìtàn rẹ̀.