Kọ̀ǹpútà Jẹ́rìí, Wọ́n sì Gbà á Gbọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnìkan ọ̀hún bá wá jẹ́ ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a máa ń sọ pé òfin ti rinlẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, inú ìwé ni àwọn tó ń bójú tó pósọ́fíìsì kéékèèké níbẹ̀ ń kọ ìṣirò owó wọn sí. Bí owó bá dín, wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á wá àṣìṣe náà kàn. Ní 1999 ni Pósọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Horizon wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Ilé-iṣẹ́ ICL, tó jẹ́ ti Fujitsu ará Japan, ló ṣe é.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé owó dín. Obìnrin kan wà, Jo Hamilton, tó ń ṣe pósọ́fíìsì ní abúlé South Warnborough. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ní £2,000 ti dín nínú owó rẹ̀. Ó fóònù àwọn tí Pósọ́fíìsì ní kí wọ́n máa pè. Bó ti ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, gbèsè ọ̀hún di ìlọ́po méjì lójú rẹ̀ kòrókòró! Àdéhùn iṣẹ́ sì ní òun ni yóò san án. Ó fi ilé rẹ̀ yáwó, àwọn ará abúlé dáwó fún un, síbẹ̀ ó dé kóòtù. Ó gbà pé òun kọ ìṣirò èké, kí wọ́n má baà fi ẹ̀sùn olè tí kò jà rán an lẹ́wọ̀n.

Ẹ ó ní, kí ló dé tí kò já ẹ̀rọ nírọ́? Òfin 1984 ní ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé kọ̀ǹpútà jẹ́rìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní 1999 kan náà ni wọ́n fagi lé e. Ó wá di pé kóòtù á gbà pé ẹ̀rọ kò ṣìṣe, àfi bí olùjẹ́jọ́ bá mú ẹ̀rí wá. Níbo ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù yóò ti rí ẹ̀rí? Ẹni tó pè é lẹ́jọ́ ló di kọ́kọ́rọ́ mú! Àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè jókòó sí ọ́fíìsì tiwọn, kí wọ́n yí ìṣirò rẹ̀ padà, kó má sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Pósọ́fíìsì fi sẹ́ èyí.

Ó lé ní 900 ènìyàn tí wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn kú kí orúkọ wọn tó mọ́.

Ní 2019, Alan Bates àti àwọn 554 mìíràn jàre. Adájọ́ Fraser ní àgídí Pósọ́fíìsì dà bíi ti ẹni tó ń jiyàn pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wẹ Hamilton àti àwọn 38 mìíràn mọ́. Ní 2024, lẹ́yìn tí eré tẹlifíṣọ̀n kan ti mú inú ará ìlú ru, àwọn aṣòfin fi òfin kan ṣoṣo pa ìdájọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn rẹ́.

N kò bá kọ̀ǹpútà jà o. Ìwé àtijọ́ náà máa ń purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó parọ́ mọ́ lè ṣí i wò. Ẹ̀rọ tó ń rí gbogbo ìṣe mi, tí èmi kò lè rí ohun tó ń kọ nípa mi, olùfisùn ni mo kà á sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹlẹ́rìí.