Owó Ẹyọ àti Ọmọ Èkó: Bí Ẹgbẹ́ Eléré Tó Rẹ̀yìn Ṣe Ń Rí Ìràwọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dáadáa, ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ọ̀rọ̀ òfin sì ni pẹ̀lú. Ìbéèrè náà nìyí: bí ẹgbẹ́ eléré kan bá ti di ẹni ẹ̀yìn nínú líìgì, tí gbogbo ayé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀nà wo ni ó lè gbà rí ìràwọ̀ eléré tí yóò gbé e dìde? Eré tí n ó fi dáhùn ni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Rockets ti ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ìdí tí mo fi yàn án kò fara sin: ọmọ Yorùbá tí a bí ní Èkó ni ìtàn náà dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọjà náà ti rí. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni ìràwọ̀ eléré ń gbà wọ inú ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà. Èkíní ni owó: eléré tí àdéhùn rẹ̀ ti parí lè lọ sí ibi tí owó gbé pọ̀ sí i. Èkejì ni pàṣípààrọ̀: ẹgbẹ́ kan yóò fi eléré tirẹ̀, tàbí ẹ̀tọ́ tí ó ní láti yan eléré lọ́jọ́ iwájú, gba eléré ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ̀kẹta ni ètò ìṣàyàn, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1947. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ a máa tò láti yan ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀; ẹgbẹ́ tí ó ṣe dáadáa jù ni ó ń kẹ́yìn, ẹgbẹ́ tí ó rẹ̀yìn jù ni ó ń ṣíwájú. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan bá ń kó gbogbo akọni jọ, kò ní í pẹ́ tí eré náà yóò fi tẹ́ lójú òǹwòran. A fẹ́ kí ẹni tó ṣubú rí ọwọ́ tí yóò fà á dìde.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣubú jù? Ẹkùn méjì ni líìgì náà pín sí, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ọdún 1966 títí di ọdún 1984, owó ẹyọ ni wọ́n ń jù sókè láàárín ẹni ẹ̀yìn Ìlà-Oòrùn àti ẹni ẹ̀yìn Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn. Ní ọdún 1969, Milwaukee àti Phoenix ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń dù ni Lew Alcindor, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Kareem Abdul-Jabbar. Phoenix ní “orí” ni òun mú. Orí kọ́ ni owó náà gbé sókè. Yorùbá tó bá gbọ́ èyí yóò ní orí kò gbè wọ́n lọ́jọ́ náà. Ìgbà 27 péré ni Milwaukee ti borí ní sáà 1968-69. Nígbà tí Alcindor dé, wọ́n borí nígbà 56 ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 1971. Ẹ wo ohun tí owó ẹyọ kan lè ṣe!

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Houston, nítorí ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹgbẹ́ yìí ti gbà rí. San Diego ni a ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ọdún 1968, owó ẹyọ fún un ní Elvin Hayes. Ní ọdún 1971, ó kó lọ sí Houston. Ní ọdún 1976, ó fi ẹ̀tọ́ ìṣàyàn méjì gba Moses Malone lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Buffalo. Malone sì gbé wọn dé ìdíje àṣekágbá ní ọdún 1981. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé ni a tún lè gbà jáde. Ní ọdún 1982, Philadelphia fi owó ńlá lọ Malone. Houston jẹ́ kí ó lọ, wọ́n sì gba eléré kan àti ẹ̀tọ́ ìṣàyàn kan dípò rẹ̀. Philadelphia gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 1983. Houston ńkọ́? Nínú eré 82, 14 péré ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 68.

Ìṣubú yìí ni ó gbé wọn dé ìdí owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ní ọdún 1983, wọ́n fi ta Indiana yọ, wọ́n sì yan Ralph Sampson, ọkùnrin tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Síbẹ̀, ní sáà tó tẹ̀ lé e, eré 29 péré ni wọ́n borí. Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Nínú eré 17 tó gbẹ̀yìn sáà náà, 14 ni Houston pàdánù. Nínú ọ̀kan nínú wọn, akọ́nimọ̀ọ́gbá fi Elvin Hayes, tó ti padà sọ́dọ̀ wọn, tó sì ti di ẹni ọdún 38, sórí pápá fún ìṣẹ́jú 53 láìsinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fura pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù ni, kí wọ́n lè dé ìdí owó ẹyọ.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tó sùn ni à ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ìṣòro tó wà nínú òfin náà gan-an nìyí. Òfin tí a ṣe láti ran aláìlera lọ́wọ́ lè kọ́ ènìyàn láti fẹ́ràn àìlera. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé láti wo eré ńkọ́, bí àwọn tí ó wá wò kò bá fẹ́ borí? Líìgì gbọ́ ìkùnsínú náà. Ní ọdún 1985, wọ́n pa owó ẹyọ tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́ kèké láàárín àwọn ẹgbẹ́ 7 tí kò wọ ìpele ìkẹyìn ìdíje. New York ni kèké mú. Láti ọdún 1990, wọ́n jẹ́ kí àǹfààní ẹni tó rẹ̀yìn jù pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ní ọdún 2019, wọ́n tún mú àwọn mẹ́ta tó rẹ̀yìn jù dọ́gba, olúkúlùkù ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rí i pé àtúnṣe ń gun orí àtúnṣe: bí a ti ń dí ojú ihò kan ni òmíràn ń là.

Ta wá ni ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ju owó ẹyọ ní ọdún 1984? Hakeem Ọlájuwọn ni, ẹni tí a bí ní Èkó ní ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 1963. Ilé-ẹ̀kọ́ Muslim Teachers' College ní Èkó ni ó lọ. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gbá, ó ń ṣọ́ ilé. Ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ní ọdún 1980, ó wọ Yunifásítì Houston, ó sì gbé wọn dé ìdíje àṣekágbá àwọn yunifásítì ní ọdún 1983 àti ọdún 1984. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun àti Moses Malone a máa figagbága ní gbàgede ìṣeré kan ní ìlú náà. Ẹ ò rí nǹkan! Ìràwọ̀ tí Houston jẹ́ kí ó lọ ni ó ti ń tọ́ èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ sọ́nà.

Indiana ni ó kẹ́yìn Ìlà-Oòrùn lọ́dún náà, ṣùgbọ́n wọn kò sí nídìí owó ẹyọ. Láti ọdún 1981 ni wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ ìṣàyàn wọn gba eléré kan lọ́wọ́ Portland. Portland ni ó bá Houston jù ú. Houston ni ó jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà, ọdún 1984, a kọ́kọ́ pe orúkọ Ọlájuwọn. Portland ṣe ìkejì, wọ́n yan Sam Bowie. Chicago ṣe ìkẹta, wọ́n mú Michael Jordan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ipò gíga nínú ìṣàyàn ti tó. Ojú tí a fi ń wo ènìyàn ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Sáà àkọ́kọ́ tí Ọlájuwọn lò, Houston borí nígbà 48. Ní ọdún 1986, wọ́n dé ìdíje àṣekágbá, Boston sì ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ wọn rọ̀. Ara Sampson kò le, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ní ọdún 1987. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní ọdún 1992, èdè àìyedè wáyé láàárín Ọlájuwọn àti àwọn alákòóso, ó sì kù díẹ̀ kí ó lọ. Sùúrù ni ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ní ọdún 1994, ọdún kẹwàá lẹ́yìn owó ẹyọ, Houston gba ife-ẹ̀yẹ. Ní ọdún 1995, wọ́n fi pàṣípààrọ̀ mú Clyde Drexler wá, ẹni tí ó ti bá Ọlájuwọn ṣeré ní yunifásítì, tí Houston fojú fò dá nínú ìṣàyàn ọdún 1983. Wọ́n tún gba ife náà, wọ́n sì na Orlando ní eré 4 sí òdo.

Kí ni ìtàn yìí wá ń kọ́ wa? Lójú tèmi, owó ẹyọ lè fúnni ní ènìyàn, kò lè fúnni ní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó rẹ̀yìn lè rí ìràwọ̀ ní ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́wàá ni Houston fi kọ́ ilé tí ìràwọ̀ náà yóò tàn sí. Ẹni tí ó bá ń pàdánù tìfẹ́tìfẹ́ nítorí ọ̀la ń fi ìwà tí yóò nílò lọ́la ṣòfò lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Houston kọ́ ni ó kọ́kọ́ rí ọmọ yìí. Kí owó ẹyọ tó gòkè ní ọdún 1984, ó ti sáré lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èkó, ẹnì kan sì ti gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Kò sí líìgì tí ń ṣẹ́ kèké fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, kí ni wọn ì bá ju owó lé lórí?