Nọ́ńbà Orí Àwo àti Ẹni tí ó Ṣẹ̀dá Orin: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Àmì Ìdánimọ̀ Orin

Ní èdè Yorùbá, bí a bá ní "ó kọ orin náà", gbólóhùn yìí lè túmọ̀ sí pé ẹnì kan fi ohùn kọ ọ́. Ó sì lè túmọ̀ sí pé ẹnì kan fi gègé kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú òwò orin, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí. Orin tí ẹnì kan ṣẹ̀dá, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó, ọ̀tọ̀ ni. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn oníṣòwò ti ń fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀ òwò àwo, ṣùgbọ́n orin fúnra rẹ̀ dúró fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó ní èyí tí gbogbo ayé jọ ń lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe ẹ̀rí ìtàn gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Ní ayé àwo giramafóònù, oríṣi nọ́ńbà méjì ni ó ṣe pàtàkì. Èkíní ni nọ́ńbà ìtajà tí a tẹ̀ sí ara bébà àárín àwo. Òun ni oníbàárà fi ń béèrè ọjà. Èkejì ni nọ́ńbà matrix, tí a fín sí ara àwo gan-an, nítòsí bébà náà. Ojú kọ̀ọ̀kan àwo ní nọ́ńbà matrix tirẹ̀. Bí akọrin bá tún orin kan náà kọ lẹ́ẹ̀kejì, àmì kan yóò wà tí yóò ya ti èkejì sọ́tọ̀ kúrò lára ti èkíní. Bí a bá sì tún àwo tẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà ìtajà tuntun, nọ́ńbà matrix lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ sábà máa ń to nọ́ńbà wọ̀nyí tẹ̀léra, àwọn onímọ̀ ń fi wọ́n ṣírò ìgbà tí a gba ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ kan kò de ilé-iṣẹ́ mìíràn. Méjì nínú wọn lè lo ẹyọ kan náà fún orin tí kò jọra rárá.

Àpẹẹrẹ kan súnmọ́ wa. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ ọ̀pọ̀ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ńbà orí àwo wọ̀nyí lè tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é àti ìgbà tí a ṣe é. Kò lè sọ fún wa bóyá àlùfáà náà ni ó ṣẹ̀dá ohùn orin kan, tàbí bóyá ohùn ìbílẹ̀ tí ó ti wà tipẹ́ ni ó fi ọ̀rọ̀ ìsìn sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ti ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀ ṣáájú ìgbà náà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 1911 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohùn inú àwo ní ẹ̀tọ́ 50 ọdún láti ọjọ́ tí a ṣe é, nígbà tí ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá orin wà títí di 50 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfin mọ ìyàtọ̀; nọ́ńbà kò mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1986 ni àjọ ISO kọ́kọ́ gbé àmì ISRC jáde fún ohùn tí a gbà sílẹ̀, ẹgbẹ́ IFPI sì bẹ̀rẹ̀ àbójútó rẹ̀ ní 1989. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú ètò àkọ́kọ́, lẹ́tà méjì dúró fún orílẹ̀-èdè (NG ni ti Nàìjíríà), mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e fún ẹni tí ó fi àmì náà sílẹ̀, méjì fún ọdún, márùn-ún ìkẹyìn fún ohùn náà gan-an. Níhìn-ín ni olùwádìí gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra. Ọdún tí a fi àmì náà sílẹ̀ ni nọ́ńbà méjì yẹn ń tọ́ka sí. Kì í ṣe ọdún tí a kọ orin. Bí a bá fún ohùn ọdún 1922 ní àmì lónìí, ọdún tiwa ni yóò hàn lára rẹ̀. Bákan náà, orílẹ̀-èdè ẹni tí ó gba àmì ni lẹ́tà méjì ìṣáájú ń fi hàn, kì í ṣe ibi tí a ti kọ orin. Láti ìgbà àtúnṣe ọdún 2019, a kò tilẹ̀ gbà wọ́n mọ́ bí ẹ̀rí orílẹ̀-èdè.

Ti orin fúnra rẹ̀ ni ISWC. Àjọ CISAC, tí ó kó àwọn ẹgbẹ́ aṣẹ̀dá jọ, ni ó ń bójú tó o. Ní 1995 ni a fún "Dancing Queen" ti ẹgbẹ́ ABBA ní àkọ́kọ́ rẹ̀, T-000.000.001-0, ọdún 2001 ni ISO tẹ ìlànà rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn lẹ́tà T, nọ́ńbà mẹ́sàn-án wà, àti ọ̀kan tí a fi ń yẹ àṣìkọ wò. Kò sí orílẹ̀-èdè, kò sí ọdún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tún orin náà kọ yóò gba ISRC tirẹ̀, ṣùgbọ́n ISWC kan náà ni yóò wà. Àwọn aṣẹ̀dá pẹ̀lú ní nọ́ńbà tiwọn, IPI, èyí tí ó wúlò púpọ̀ fún orúkọ Yorùbá tí ìwé kan kọ pẹ̀lú àmì ohùn, tí òmíràn kọ láìsí i, tí òmíràn sì gé kúrú.

Kí ni èyí já sí? Ìdí tí ohùn fi kọ́kọ́ ní nọ́ńbà ni pé ọjà ni, ọlọ́jà sì gbọ́dọ̀ lè ka ọjà rẹ̀. Orin kò ní ọlọ́jà kan ṣoṣo. Ó ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu. A kò sì lè fún un ní ISWC bí kò bá sí ẹni tí ó fi orúkọ aṣẹ̀dá rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, orin kan tí ìyá àgbà kan ṣẹ̀dá fún ìnáwó lè wọ inú àwo, kí ohùn náà ní ISRC, kí owó máa wọlé lórí rẹ̀, kí orúkọ ìyá náà má sì sí níbì kankan. Nọ́ńbà kò purọ́ níbẹ̀. Ohun tí a kò sọ fún un ni kò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀rí oníṣòwò ni nọ́ńbà orí àwo, a sì gbọ́dọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù sí ọwọ́ àwa tí a ń gba orin sílẹ̀ ní ìlú àti ní abúlé ni pé kí a má ṣe dúró lórí orúkọ akọrin nìkan. Kí a béèrè ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó yẹ ẹ́, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹ̀yìn orúkọ ni nọ́ńbà ń tọ̀.