“Senior”: ṣé ọjọ́ orí ni àbí ipò?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó máa ń rú àwa tí a kọ́ Faransé lójú. Ọ̀rọ̀ náà ni “senior”.

Tí a bá gbọ́ “les seniors” ní Faransé, àwọn àgbàlagbà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 60 ló lè ra káàdì ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Carte Avantage Senior. Ṣùgbọ́n tí ilé iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà bá ní òun ń wá “senior accountant”, kì í ṣe bàbá arúgbó ni wọ́n ń wá o. Oníṣirò owó tó mọ iṣẹ́ dáadáa, tó lè darí àwọn mìíràn, ni wọ́n fẹ́. Ọ̀dọ́ wa tó bá ṣi ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ lè pàdánù iṣẹ́ tó tọ́ sí i.

Níbo ló ti wá?

Inú èdè Látìn ló ti wá, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. “Senex” ni arúgbó, “senior” sì ni ẹni tó dàgbà ju ẹlòmíràn lọ. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú Róòmù ni wọ́n ń pè ní “senatus”, ibẹ̀ ni “sénat” ti wá. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ àgbà yìí di ọ̀rọ̀ ọlá. Láti ara rẹ̀ ni Faransé ti rí “seigneur”, “sire” àti “sieur”. Ẹ fi “mon” síwájú “sieur”, ó di “monsieur”. Ẹni tó bá ń pe olùkọ́ ọmọ rẹ̀ ní “monsieur”, “àgbà mi” ló ń pè é láìmọ̀! “Sir” tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, ọ̀dọ̀ “sire” lòun náà ti wá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?

Lẹ́yìn orúkọ: Martin Luther King Senior ni bàbá. Martin Luther King Junior, tí wọ́n pa ní 1968, ni ọmọ.

Nílé ìwé: ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún àṣekẹ́yìn ni “senior”. Ní Nàìjíríà, “senior secondary” ni ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn ní ilé ìwé girama. Ọmọ tó bá ti Kétu lọ kàwé ní Ìmẹ̀kọ máa gbọ́ “Senior” níwájú orúkọ àwọn tó wà ní kíláàsì òkè. Tó bá pe orúkọ wọn lásán, wọ́n lè ní kò lẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́.

Nínú ẹbí: tí ará Nàìjíríà bá ní “my senior brother”, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń sọ.

Lẹ́nu iṣẹ́: láti 1975 ni wọ́n ti ń fi àwọn lọ́yà kan jẹ oyè “Senior Advocate of Nigeria”. Lọ́yà gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 10 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́ kó tó lè gbà á. Kò sí ẹni tó ń ka ewú orí rẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Nílé wa, ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, kódà bí èyí tó tẹ̀lé e bá jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Táyéwò ló kọ́kọ́ dé ayé, síbẹ̀ Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Àwa náà mọ̀ pé ọ̀nà tí èèyàn ń gbà jẹ́ àgbà pọ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí “senior” nínú ìwé, ẹ má kánjú túmọ̀ rẹ̀ sí arúgbó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: àgbà nínú kí ni? Ṣé lọ́jọ́ orí ni, lẹ́nu iṣẹ́, ní kíláàsì, àbí bàbá ni wọ́n fẹ́ fi yàtọ̀ sí ọmọ? Ọ̀rọ̀ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa dá yín lóhùn.